Ọkọ̀ Tí Kò Lọ Ibì Kankan

"Níbo lẹ ń lọ?"

Ohun tí Bàbá Ràfíù kọ́kọ́ sọ fún wa nìyẹn, kó tó jẹ́ kíkí tí a kí i pàápàá. Ó jókòó sétí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n tó ya ṣe, kò sì gbójú sókè. Mo ní a ò lọ ibì kankan. Mo ní a kàn fẹ́ kí ó gbé wa rìn lójú omi, kí a wo ẹyẹ, kí a jẹun díẹ̀, kí ó sì dá wa padà síbi tó ti gbé wa. Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè. Ó wò mí, ó wo àbúrò mi obìnrin, ó wo báàgì ńlá tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó tún wò mí.

"Ìwòpin lẹ ń lọ?"

"Rárá, Bàbá."

"Mákùn?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ẹ wá ra ilẹ̀ ni."

Èyí kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ẹni tó wọ kánfáàsì bá yọ sétí omi, tí kò gbé ẹrù, tí kò sì ní ará níbẹ̀, ilẹ̀ ló wá rà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà wá gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni kò yanjú. Ó ní òun mọ iye tí òun ń gbà dé Ìwòpin, òun mọ iye tí òun ń gbà dé Mákùn-Omi, òun mọ ti ẹrù, òun mọ ti ẹni tó ń gbé òkú lọ sílé. Ti ibì kankan ni òun kò mọ̀. Mo ní kí a lọ ná, bí a bá dé a ó sọ ọ́.

Ó ní, "Bí ẹ bá dé ibo?"

Báyìí ni àwa ọmọ Ìjẹ̀bú méjì ṣe wọkọ̀ láìná an. Kí n má purọ́, ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Bísí, àbúrò mi yìí, ló fà á. Ọdún 11 rèé tó ti wà ní Florida, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn a máa fi fọ́tò mọ́tò ránṣẹ́ sílé, tàbí ti yìnyín. Tirẹ̀, omi ni. Á wà nínú káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń jókòó sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà, tí ó ń fi àjẹ̀ olórí méjì wà lọ́tùn-ún lósì. Omi abẹ́ rẹ̀ á mọ́ débi pé o lè ka òkúta ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ náà kò lé lórí nǹkan kan, pé afẹ́fẹ́ ló rọ̀ mọ́. Omi ìsun ni, ó sọ fún wa. Ìsun tí wọ́n mọ̀ ní Florida lé ní 1,000, àti pé ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òtútù ni o, omi náà kì í kúrò lórí bíi 22°C. Nígbà tí òtútù bá mú, àwọn ẹran omi ńlá tí wọ́n ń pè ní manatee á wọ́ kúrò lójú òkun wá síbi ìsun wọ̀nyí láti wá móoru, bí àwọn àgbà ṣe ń sún mọ́ iná lásìkò ọyẹ́. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Silver Springs, wọ́n ti ń fi ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì gbé èrò wo ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1870 sí 1880.

Màmá wa á wo fọ́tò náà títí, á ní, "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ." Ó tán. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Màmá, Rẹ́mọ pọ́ńbélé. Odò Uren ni wọ́n ti ń pọnmi nígbà èwe wọn. Lójú wọn, ohun tí à ń pọn, tí à ń rù, tí à ń dà sínú àmù ni omi. Ẹni tó bá lọ sódò láìgbé ìkòkò, láìgbé aṣọ tó fẹ́ fọ̀, ó ní ohun mìíràn tó ń wá, kò sì yẹ kí ọmọ ilé wa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, Bísí wálé, ó sì gbé káyáàkì dání. Oníròbá ni o, irú èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní sínú báàgì, tí wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Màmá ti kọ́kọ́ rò pé tẹ́ǹtì òkú ni, pé ọmọ náà ti ń múra ayẹyẹ ìsìnkú òun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó jẹ́, wọ́n jókòó.

"Bísí, ṣé aṣọ ti tán lọ́jà Amẹ́ríkà ni?"

Bísí kò dá wọn lóhùn. Èmi ló kọjú sí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Ẹ mú mi lọ síbi ìsun."

Abúlé tí a lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo mọ bí orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi sọ ọ́ di ibi ìyàwòrán, ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n á ti da páálí sílẹ̀ káàkiri. Ìhà Abígi ni, ní Ogun Waterside, kí ẹni tó mọ ibẹ̀ má baà ní mo purọ́. A kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ tó mọ́, oṣù Kìíní, ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà bí ẹni da ẹlùbọ́ sójú afẹ́fẹ́. Ìkọ́kọ́rẹ́ wà nínú kúlà, tí Màmá sè pẹ̀lú ìbínú. (Ìkọ́kọ́rẹ́ ìbínú máa ń dùn. Ata rẹ̀ kì í kéré.)

Ojú ìsun náà kò jọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó máa fọkàn yàwòrán ohun tó ń tú sókè yàà. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni, lábẹ́ igi abùrà àti ògùrọ̀, níbi tí iyanrìn funfun ti ń hó díẹ̀díẹ̀ bí ògì tó fẹ́ jinná. Bí o bá wò ó dáadáa, wàá rí ihò kéékèèké bíi mẹ́wàá, iyanrìn ń jó nínú wọn, kò sì dúró rí. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń kóra jọ, tó ń di odò kékeré, tó ń fẹ̀ lọ títí tí ọkọ̀ fi lè gbà á.

Ẹ má retí kí n pa òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀. Àwọn olóṣèlú ti pa á tó. Bí ìsun ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọdún 19 ni mo ti fi ń ya á sójú pátákó fún ọmọ ilé-ìwé, n kò sì jókòó tì í rí. Òjò tó bá rọ̀ sí oko, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn lọ. Apá kan ń wọlẹ̀. Ní òkè Ìjẹ̀bú, lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, òkúta líle ló wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà òkun, iyanrìn àti amọ̀ ni, tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn bí ẹní ilé ológun. Iyanrìn á jẹ́ kí omi kọjá, amọ̀ kò ní gbà. Omi á máa rọra sọ̀ nínú iyanrìn, á dé orí amọ̀, á bá ilẹ̀kùn ní títì, á wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí àfonífojì bá ti gé ilẹ̀ wọnú ni yóò ti rójú yọ. Nítorí náà omi tí a ń wò lọ́jọ́ yẹn, òjò tó ti rọ̀ tipẹ́ ni, iyanrìn ti sẹ́ ẹ bí ìyá ológì ṣe ń sẹ́ ògì, ìdọ̀tí rẹ̀ ti kù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi gbẹ nígbà tí àwọn odò tó gbára lé òjò àná ti di ẹrẹ̀. Ti Florida, inú òkúta ẹfun tó kún fún ihò ni omi wọn ti ń jáde. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Ṣágámù tiwa náà. Sìmẹ́ǹtì la fi ń ṣe.

Bísí ki ọwọ́ bọ omi. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó lọ́wọ́ọ́wọ́!"

Obìnrin kan tó ń pọnmi níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Omi kò yí padà, ọmọ ìyá mi. Òde ló tutù. Tó bá di ọ̀sán ẹ tún wá fọwọ́ kàn án, ẹ ó ní yìnyín ni." N bá ní kí ó wá bá mi kọ́ kíláàsì mi. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún kò mọ ọyẹ́, kò mọ oòrùn. Bó ṣe rí lóṣù Kìíní náà ló rí lóṣù Kẹrin. Ó wá sọ fún Bísí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó bọ́ bàtà, àti pé òkè ibí ni wọ́n ti ń pọn mímu. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ a máa lọ sísàlẹ̀, ẹni tó fẹ́ fọṣọ a tún máa sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kò sí pátákó ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ wà, tí Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ káyáàkì, gbogbo ọmọ abúlé ló dúró yí i ká. Wọ́n ń ka ìtẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ọgọ́rin, nǹkan náà gbé orí sókè, ó le, ó di ọkọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ariwo sọ.

Bàbá Ràfíù fi ìka kan gún un. "Bàlúùnù ni, àbí ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ ni, Bàbá. Ó lè gbé ènìyàn méjì."

"Ká tó mọ̀."

N kò gbà láti wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá ni mo wọ̀, ọkọ̀ igi gidi tí ọ̀dà dúdú wà lára rẹ̀, tó rùn ẹja. Bí mo ṣe jókòó, bàbá náà tẹ̀ ba, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lápá òde, ó fi èékánná fa nǹkan síbẹ̀. N kò bi í. Mo rò pé ó ń wo ibi tó ń jò.

Bí a ṣe fi etí omi sílẹ̀ báyìí, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bá mi. Kì í ṣe pé kò sí ariwo. Ẹ̀gà pọ̀ lórí ọ̀pẹ kan tó tẹ̀ sórí omi, ìtẹ́ wọn rọ̀ bí èso, wọ́n sì ń pariwo bí ọjà Òkè-Àjẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Orí omi ni wọ́n máa ń fẹ́ kọ́lé sí, nítorí ejò àti ọ̀bọ tó bá ń wá ẹyin á kọ́kọ́ ro ti omi tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ńjìnnì kò sí, jẹnẹrétọ̀ kò sí, kò sẹ́ni tó ń fọn fèrè mọ́tò. Mo gbọ́ bí àjẹ̀ ṣe ń wọ omi. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán lára àjẹ̀ nígbà tó bá jáde. Bísí wà níwájú, ó ń wà lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń jó ijó tí kò yára.

Omi náà kò mọ́ bíi ti fọ́tò rẹ̀ mọ́ níbí. Bó ṣe ń kúrò lójú ìsun ló ń mu àwọ̀ ewé tó ń rẹ sínú rẹ̀, tó fi dà bí omi àgbo, pupa rúsúrúsú ṣùgbọ́n tó ṣì mọ́, tí o ṣì lè rí ẹja ẹpìyà tó ń ṣọ́ ojú ilé rẹ̀. Làmilàmi ń fi ìdí kan omi, wọ́n ń gbé e, wọ́n tún ń kàn án. Awọ́nríwọ́n kan tó ń yá oòrùn lórí igi tó wó já bọ́ sómi gbì, bí ẹni tó gbàgbé pé òun jẹ gbèsè.

Ẹyẹ apẹja ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Funfun òun dúdú ni, bí ẹtù. Ó dé sójú afẹ́fẹ́, ó dúró sójú kan náà, ó ń lu apá kìkì, orí rẹ̀ dojú kọlẹ̀, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Mo ń kà á nínú: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀san-án. Lẹ́yìn náà ó já lulẹ̀ bí òkúta, omi fọ́n, ó jáde pẹ̀lú ẹja lẹ́nu, ó lọ bà lórí ẹ̀ka, ó sì ń na ẹja náà mọ́ igi. Bísí pàtẹ́wọ́. Mo yíjú sí Bàbá Ràfíù kí n lè rí i bóyá ó rí i. Kò wo ẹyẹ náà rárá. Omi ló ń wò, níbi tí ẹyẹ ti já.

Ó ní, "Ẹja wẹ́wẹ́ ti ń wọ́ bọ̀ lápá ibí. Lọ́la màá gbé ìgèrè méjì síbẹ̀."

Bó ṣe rí ní gbogbo ọ̀nà nìyẹn. Ohun tí a bá ń wò, ó ti wò ó tán, ó ti kọjá rẹ̀. A bá ẹyẹ kan tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ìka akọrin tó ń tẹ dùùrù, kò sì rì. Jacana ni Bísí pè é, ó yọ ìwé ẹyẹ rẹ̀, ó ní akọ rẹ̀ ló ń sàba lórí ẹyin, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ, abo á ti wá ọkọ mìíràn lọ. Bàbá Ràfíù ní òótọ́ ni. Ó ní òun ti rí i tó kó ọmọ mẹ́rin sábẹ́ apá tó ń sáré, tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ń jù lábẹ́ rẹ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé ẹyẹ náà ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Bísí bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹyẹ orí òṣíbàtà." Bísí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń gbọ́ àdúrà pé òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. N kò tíì rí àwọn méjèèjì lójú omi kan náà rí àfi lọ́jọ́ yẹn. Òjúoró kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ibi tí omi bá gbé e ló ń bá a lọ. Òṣíbàtà ní okùn gígùn tó so ó mọ́ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, bí omi bá kún, á gòkè, bí omi bá fà, á sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà lékè kò jọra rárá, alufa àti babaláwo sì ń fi àwọn méjèèjì sínú gbólóhùn kan. Bákan náà ni ti agbe tó laró, àlùkò tó losùn, lékeléke tó lẹfun. Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló lè kọ ọ́ lórin. Lékeléke nìkan ni wọ́n rí rí, nítorí màlúù. Àlùkò kan fò rékọjá odò lórí wa nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí, ó ṣí apá, pupa tó wà nínú rẹ̀ bù yẹ̀rì, ó wọgbó. Mo ti di ẹni ọdún 47 kí n tó mọ osùn tí orin náà ń sọ.

Ọ̀bọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fò láti orí igi kan sí òmíràn, ewé mì. Bísí wá sọ ìtàn ọ̀bọ Silver Springs. Nígbà ọdún 1930 sókè, ẹnì kan tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò níbẹ̀ lọ kó ọ̀bọ wá láti fi sí erékùṣù kékeré kan láàárín odò, kí àwọn àlejò lè máa wò wọ́n. Kò mọ̀ pé irú ọ̀bọ yẹn mọ̀wẹ̀. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ jáde kúrò níbẹ̀ kíá, wọ́n bọ́ sígbó, ọmọ-ọmọ wọn ṣì kún ibẹ̀ títí di òní.

Bàbá Ràfíù rẹ́rìn-ín débi tó fi gbé àjẹ̀ sílẹ̀. "Kó tiẹ̀ bi ọ̀bọ léèrè kí ó tó rà á!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ń rántí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìgbà náà, òun nìkan.

Bóyá ẹ̀rín yẹn ló fà á tí kò fi tètè rí ibi tí Bísí ń lọ. Ògùrọ̀ kan wà tó dùbúlẹ̀ sórí omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi imọ̀ ògùrọ̀ ṣe nǹkan mọ̀ pé ẹ̀gún wà lára rẹ̀. Káyáàkì sún mọ́ ọn pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, a gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ejò bá ń fẹ́, ọkọ̀ pupa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lápá òsì. Bísí kò pariwo. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó jọ pé mò ń rì," bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Omi ibẹ̀ kò jù àyà lọ, jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Màmá ni mo rí. Bàbá Ràfíù na àjẹ̀ sí i, ó fà á wọ inú ọkọ̀ wa, ó tún na ọwọ́ mú káyáàkì náà tí kò yàtọ̀ sí awọ ewúrẹ́ mọ́. Kò bú u. Ó kàn wò ó.

"Mo ní ká tó mọ̀."

A so ọkọ̀ mọ́ gbòǹgbò kan, kí aṣọ Bísí lè gbẹ, a sì ṣí kúlà. Ibẹ̀ ló ti bi mí léèrè ìdí tí àwa ará Òde kò fi ń ṣe báyìí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè kú láìfi ìdí kan ọkọ̀ omi. N kò ní ìdáhùn gidi. Mo rán an létí bàbá wa, bí wọ́n ṣe máa ń dín eré mọ́tò kù bí a bá dé Yemọji lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Odò náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní Ìmagbọ̀n, ni Ìjẹ̀bú ti dúró de àwọn òyìnbó ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí àwọn àjèjì máa gba ilẹ̀ wọn kọjá bó ṣe wù wọ́n. Ibodè wà, owó ibodè sì wà. Odò ni wọ́n fi ṣe ògiri. Àwọn òyìnbó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé ìbọn Maxim dé etí omi yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni gbogbo wa ń kà nílé-ìwé. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá odò náà. Bí a bá ti gun òkè ní òdì kejì, wọ́n á tẹ iná mọ́tò, wọ́n á tún máa kọrin.

"Nítorí náà ẹ̀rù ló ń bà wá," Bísí wí.

Mo ní kì í ṣe ẹ̀rù. Bàbá Ràfíù, tí ẹnu rẹ̀ kún fún ìkọ́kọ́rẹ́, ní, "Iṣẹ́ ni kò sí fún yín níbẹ̀." Ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹni tó se oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kó dín ata kù.

Lẹ́yìn ọ̀sán, a jáde sí ọ̀sà. Ìyẹn ni Lekki Lagoon, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 247 kìlómítà níbùú-lóròó, tí omi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ nítorí àwọn odò tó ń rọ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀ṣun wà lára wọn. Ọ̀ṣun kan náà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, tí wọ́n ń wọ́ lọ bá ní Òṣogbo lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fọn fèrè. Ọyẹ́ ti ká díẹ̀. Ojú omi fẹ̀ lọ títí tó fi di èéfín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ ni koríko omi wà, èyí tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò, tó dára lójú tó sì burú nínú. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi wa, láti ìhà Bàdágìrì, nígbà tó yá ó di gbogbo ọ̀nà ọkọ̀. Bàbá Ràfíù kò mọ ọdún, ṣùgbọ́n ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà, òun lọ sódò lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun kò rí omi.

Ẹyẹ ńlá kan ń yí lókè, orí rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá. Bísí dìde nínú ọkọ̀, bàbá jágbe mọ́ ọn kó jókòó. "Mo mọ ìyẹn! Ó wà lọ́dọ̀ wa!" Osprey ni. Ó wà ní Florida lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ń wò kò ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa nígbà ọyẹ́, Yúróòpù ni wọ́n ti ń sá fún òtútù, wọ́n ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó já, ó fi ẹsẹ̀ gbá omi, ó gbé ẹja kan jáde, ó sì ń tún un mú lójú òfurufú títí orí ẹja náà fi kọjú síwájú, bí ẹni tó gbé ẹrù tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bàbá Ràfíù pẹ̀lú dákẹ́, ó ń wo èyí. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀bọ̀kún ni ẹja náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa pẹ́ jù lójú ọ̀sà kì í ṣe ohun tí a rí. Bàbá darí wa lọ síbi koríko kan tó hù jáde létí omi, ó fi àjẹ̀ tọ́ka. Orí koríko náà ti gé, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bí ẹni pé ẹnì kan fi àdá sán an láti inú omi wá. Ó ní ẹran omi ló jẹ ẹ́, èyí tó ń jẹ koríko bíi màlúù. Bísí di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Manatee! Ẹbí èyí tó ń lọ wò nínú ìsun wọn nígbà òtútù! Ó bi bàbá bóyá ó ti rí i rí. Bàbá ní tipẹ́. Ó ní nígbà tí òun ṣì kéré wọ́n pa ọ̀kan, gbogbo abúlé ló pín in, ó ṣẹ́kù. Ó ní ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má pa á mọ́. Òótọ́ ni, òfin ọdún 1985 tó dáàbò bo àwọn ẹranko tó fẹ́ tán nílẹ̀ ka òun náà mọ́ wọn. Bísí dákẹ́, ó ń wo koríko. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ.

Ó ní, "Bàbá, báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Bàbá Ràfíù wo ọ̀nà jíjìn. "Ó dùn," ó wí. "Ó dùn gan-an." Kò sì sọ ohun mìíràn.

A jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, a dákẹ́, bóyá yóò mí sókè. Kò jáde. Omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 19 tí mo ti ń kọ́ni, n kò rántí ìgbà tí mo jókòó fún wákàtí kan láìṣe nǹkan, láìtẹ fóònù, láìbá ẹnì kan jà. Bàbá kò kánjú wa. Mo yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan kan, àwọ̀n rẹ̀ wà nílẹ̀, ó kàn ń wo ibi tí koríko gé.

Nígbà tí a padà, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn lékeléke ń wọlé sórí igi kan ṣoṣo. Mo bọ́ sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi tó ti kú, mo bi í léèrè iye rẹ̀ wàyí.

Ó ti ní in lọ́kàn. Ó ní nítorí pé a kò lọ ibì kankan, òun kò lè gba owó èrò. Ẹrù ni òun máa kà wá sí. Àpò gààrí kan dé Ìwòpin, 1,500 náírà ni. Bísí jẹ́ àpò kan. Káyáàkì, òkú ni, òun bá wa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Èmi, àpò méjì àbọ̀.

"Àpò méjì àbọ̀ kẹ̀? Bàbá, mi ò tó bẹ́ẹ̀!"

Bísí ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń ka owó. Mo ní kó dúró. Mo ní àpò méjì ni mi, bó bá pọ̀ jù. Bàbá Ràfíù kò bá mi jiyàn. Ó tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka hàn mí níbi tó fi èékánná fà láàárọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ọ̀dà dúdú, ó jìnnà díẹ̀ sókè ibi tí omi dé nígbà tí ọkọ̀ ṣófo.

"Padà sínú rẹ̀," ó wí, "kí gbogbo wa jọ wò ó."

Àwọn ọmọ abúlé ti tún pé. Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, mo gbé ìkejì, mo jókòó, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ibi tí omi máa dé.